Ìtọ̀ Ń Ta Yín? Bí A Ṣe Ń Mọ Oògùn Apakòkòrò Tó Yẹ Kí Ẹ Lò

Orúkọ oògùn ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ dá lójú káńtà wa, kì í ṣe orúkọ àìsàn. "Dókítà, ẹ fún mi ní Ampiclox mẹ́fà àti Flagyl mẹ́fà." Èmi kì í ṣe dókítà, apòògùn ni mí nínú Adó-Èkìtì níbí, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní, "Ìyá, kí ló ń ṣe yín?" wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á wá sún mọ́ mi: "Ìtọ̀ ló ń ta mí. Oògùn tí àbúrò mi lò ní Ìkéré nìyẹn, ó sì bá a mu."

Kòkòrò ara àbúrò ni oògùn yẹn bá jà, kò tíì bá tiyín pàdé. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí a ṣe ń rò ó kí a tó yan oògùn apakòkòrò, èyí tí olóyìnbó ń pè ní antibiotic, fún àkóràn ọ̀nà ìtọ̀. Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè máa dá oògùn rà. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà, kí ẹ sì tètè fura bí oògùn tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ kò bá ọ̀rọ̀ ara yín mu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ọ̀nà ìtọ̀ ni lóòótọ́?

Kí ìtọ̀ máa ta bí ata. Kí èèyàn máa sáré lọ tọ̀ ṣáá, kó sì jẹ́ pé ẹ̀kán díẹ̀ ló ń jáde. Kí ìsàlẹ̀ ikùn máa dunni. Kí ìtọ̀ dàrú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Obìnrin tó bá ní méjì tàbí mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí, tí ojú ara kò yún un, tí nǹkan kan kò sì dà níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àkóràn inú àpò ìtọ̀.

Bí nǹkan bá ń dà lójú ara, tó ń yún tàbí tó ń rùn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó lè jẹ́ àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ó sì lè jẹ́ kándídà. Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, oògùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n a ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan tí a ń pè ní "toilet infection". Jíjókòó sórí ṣáláńgá ẹlòmíì kọ́ ló ń gbé àkóràn ìtọ̀ wọ ara. Kòkòrò tó ń fà á jù ni E. coli, inú ìfun tiwa fúnra wa ló ń gbé. Nínú obìnrin mẹ́rin tí àpò ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, ó kéré tán mẹ́ta ni òun fà. Láti ẹnu ihò ìdí ló ti ń rìn dé ojú ìtọ̀, ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó bíi 20. Ìdí tó fi ń ṣe obìnrin jù nìyẹn, torí náà ìyàwó tó ti ń di ẹrù ọkọ rẹ̀ nítorí èsì àyẹ̀wò ìtọ̀, kó fara balẹ̀ ná.

Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò tàbí létí dáàmù, tó bá ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ń yọ nígbà tó bá fẹ́ tọ̀ tán, àtọ̀sí ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Aràn ló ń fà á. Kò sí oògùn apakòkòrò tó ràn án; praziquantel ni tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọn ọmọ lórí ìwọ̀n kí wọ́n tó mọ iye tó máa lò. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ti gba abẹ́rẹ́ àti kápúsù fún odidi oṣù méjì kí ẹnìkan tó béèrè ibi tó ti ń wẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpò ìtọ̀ ni, àbí ó ti gun kíndìnrín?

Ìbéèrè yìí ló ń yí oògùn padà jù. Tó bá jẹ́ àpò ìtọ̀ nìkan, ìtọ̀ á máa ta, ìsàlẹ̀ ikùn á máa dun èèyàn, ṣùgbọ́n ara kò ní gbóná, èèyàn á ṣì lọ sójà. Tó bá ti dé kíndìnrín, ibà á dé, òtútù á mú èèyàn débi pé eyín á máa lù gbá-gbá-gbá, ẹ̀yìn á máa dun èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ egungun ìhà, èébì lè tẹ̀ lé e. A sì mọ ara wa: ibà àti òtútù, ibà ẹ̀fọn ni gbogbo ilé máa pè é. Oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta á lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní tàífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀yìn dídùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ìtọ̀ tó ń ta ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ẹni tó rí àmì kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ dúró lójú káńtà mi. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí tó bá súnmọ́ yín tí dókítà wà ni kí ẹ lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí ibi tó ju tàwọn lọ, EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà ní Adó, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹni tó ń bì, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń dàrú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dá, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ara ta ni oògùn náà ń wọ̀?

Oògùn kan náà lè bá ìyá mu kó má bá ọmọ mu. Àwọn nǹkan tí mo máa ń béèrè nìyí, kí ẹ sọ wọ́n fún dókítà bí kò tilẹ̀ béèrè.

Oyún. Tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ẹ sọ. Aboyún ni ẹni tí a ń tọ́jú kòkòrò inú ìtọ̀ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ta á rárá, nítorí ó lè gun kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ tètè wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ yín ní kílíníìkì aboyún, kì í ṣe ìyọlẹ́nu lásán.

Ọkùnrin. Ìtọ̀ tó ń ta ọkùnrin kò kéré rí. Próstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, lè wà nídìí rẹ̀, òkúta lè wà nídìí rẹ̀, àtọ̀sí lè wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ méje ni oògùn rẹ̀ sábà máa ń gbà, àyẹ̀wò láàbù sì pọn dandan.

Àgbàlagbà. Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí pé a ń ṣe wọ́n ṣìkà láìmọ̀. Bàbá tí wọ́n fi rọ́bà sí fún ìtọ̀, kòkòrò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò rọ́bà yẹn, kò sí bí kò ṣe ní wà. Tí ọmọ bá wá gbé ìtọ̀ inú àpò lọ sí láàbù, láàbù á rí kòkòrò, wọ́n á ra oògùn olówó ńlá. Oṣù tó ń bọ̀ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá kò bá ní ibà, tí ara rẹ̀ kò yí padà, kò sí ohun tí oògùn máa ṣe fún un ju kó sọ kòkòrò náà di akọ lọ. Ìtọ̀ tó kàn ń rùn kì í ṣe àkóràn. Omi ló lè kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ìtọ̀ kò ta: a kì í tọ́jú ìwé láàbù.

Ọmọdé. Ibà tí kò ní ìdí kan pàtó lára ọmọ kékeré lè jẹ́ ìtọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn tààrà.

Ẹ tún sọ bí kíndìnrín yín bá ti ń ṣòjòjò tẹ́lẹ̀, bí oògùn kan bá ti fi ara yín bó tàbí wú ètè yín rí, bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé G6PD yín kò tó (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀; bí kò bá tó, oògùn kan lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ yín), àti gbogbo oògùn apakòkòrò tí ẹ ti lò láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Oògùn tí ẹ lò lóṣù tó kọjá, kòkòrò tó yè é bọ́ ló wà lára yín báyìí. Ẹ kà á mọ́ ọn bó tilẹ̀ jẹ́ kápúsù méjì tí ẹ gbé mì nítorí inú rírun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtọ̀ kọ́kọ́ lọ sí láàbù, oògùn tẹ̀ lé e

Obìnrin tí kò lóyún, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, tí kò ní ibà, dókítà lè fún un ní oògùn láìdúró de èsì. Gbogbo ẹni tó kù, kí wọ́n gba ìtọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn kápúsù kan ṣoṣo, kòkòrò lè má hù mọ́ nínú àwo láàbù, ẹ ó sì ti sanwó lásán.

Ohun tí dókítà máa kọ sórí ìwé ni "Urine M/C/S", ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò inú ìtọ̀ àti oògùn tó lè pa á. Bí ẹ ṣe máa gba ìtọ̀ ọ̀hún rèé. Ẹ gba ike mímọ́ tó ní ìdérí lọ́wọ́ láàbù; ike omi tí ẹ ti mu tán kò dára. Ẹ fi omi fọ ojú ara. Obìnrin á fi ọwọ́ ya ètè ojú ara sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin tí kò dádọ̀dọ́ á fa awọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ sínú ṣáláńgá, ẹ wá gba ti àárín sínú ike, ẹ tọ ìyókù dànù. Ẹ má fi ìka kan inú ike. Láàárín wákàtí méjì ni kó ti dé láàbù. Ẹni tó bá ń ti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n bọ̀ wá sí Adó, láàbù ni kó ti tọ̀ ọ́. Kó má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, torí kòkòrò á ti bí sí i kó tó débẹ̀, èsì á sì parọ́.

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Bí ibi tí wọ́n kọ nitrite sí bá yí àwọ̀, tí ìtọ̀ sì ń ta, àkóràn ni. Bí kò bá yí, kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Èsì M/C/S máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò nínú rẹ̀. Èkíní, iye kòkòrò: tó bá jẹ́ 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mìlílítà kan, pẹ̀lú ìtọ̀ tó ń ta, ó dájú tó. "Mixed growth" ń sọ fún yín pé ìtọ̀ náà dọ̀tí nígbà tí ẹ ń gbà á. Ẹ lọ tún un gbà, ẹ má ṣe ra oògùn fún un. Èkejì, orúkọ kòkòrò. Tí ẹ bá rí Staphylococcus aureus, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé "stáfù" ti ba ilé ọmọ jẹ́. Kòkòrò tó ń gbé lára àti nínú imú ni, ó lè kàn bọ́ sínú ike. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, pàápàá bí ibà bá wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà iwájú oògùn: S, oògùn náà ń pa á, R, kò ràn án, I, ó wà láàárín, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Láàbù máa ń to bébà róbótó tí oògùn wà lára wọn sórí àwo tí kòkòrò ń hù sí, wọ́n á sì wọn bí ibi tí kòkòrò kò hù sí ṣe fẹ̀ tó. Èèyàn á wo nọ́ńbà, á ní, "Cipro ló fẹ̀ jù, òun ló lágbára jù." Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, a kì í fi ti ọ̀kan wé ti èkejì. Nínú gbogbo èyí tó bá gba S, èyí tó ń dé ibi tí àrùn wà, tó bá ara aláìsàn mu, tí kò sì pa ju ohun tó yẹ kó pa lọ ni a ń mú. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló ń dínwó jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn oògùn fúnra wọn

Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé pín oògùn apakòkòrò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a lè kọ́kọ́ nawọ́ mú, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ lò, àti èyí tí a pa mọ́ fún ọjọ́ ogun. Ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Nitrofurantoin ni mo fẹ́ràn jù fún àpò ìtọ̀. Ó wà nínú àwọn tí a lè kọ́kọ́ nawọ́ mú, ó ti pẹ́, síbẹ̀ E. coli kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọwọ́ rẹ̀. Inú ìtọ̀ ló ń pọ̀ sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹran ara. Iṣẹ́ rere rẹ̀ nìyẹn, ibi tó kù sí náà nìyẹn: kò wúlò fún kíndìnrín, kò wọ próstéètì. Èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni. Ẹ wo ara páálí dáadáa, torí iye ìgbà lílò wọn yàtọ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébì á gbé yín. Ẹ má mu Mist Mag pẹ̀lú rẹ̀, kò ní jẹ́ kó wọ ara. Ìtọ̀ yín á pọ́n bí tíì, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n wá sí yẹ́lò, tí agara ń dá yín, tí èémí ń gé yín, ẹ dá a dúró kí ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, pàápàá ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ́ nìyẹn. Aboyún lè lò ó bí dókítà bá fún un, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó bí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, kó má lò ó láìbéèrè.

Septrin, ìyẹn co-trimoxazole, dára bí láàbù bá kọ S síwájú rẹ̀. Hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlígíráàmù 480, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré fún àpò ìtọ̀ obìnrin. Láìsí láàbù, mi kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni nítorí ìtọ̀ mọ́: a ti fi tọ́jú ikọ́, inú rírun àti egbò fún ọdún gbọọrọ, kòkòrò púpọ̀ ti gbọ́n sí i. Ẹni tí oògùn súfà máa ń yọ lára kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án; mo ti rí ẹni tí awọ ara rẹ̀ bó bí ẹni tí omi gbóná dà sí lára. Aboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ti ìparí, rárá. Ẹni tó ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ.

Fosfomycin, ìyẹ̀fun gíráàmù 3 tí a ń pò mọ́ omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Alẹ́ ló dára jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán, kó lè sùn sínú àpò ìtọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ní i, owó rẹ̀ sì ń bani lẹ́rù.

Augmentin, tàbí amoxicillin tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ clavulanate. Ó wúlò, aboyún lè lò ó, ọjọ́ márùn-ún sí méje. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kógbá nílẹ̀ Nàìjíríà. Owó oògùn yìí sì fò sókè lójú wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe irú rẹ̀, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ oògùn tó wà nínú páálí ni kí ẹ kà, kì í ṣe orúkọ tó tóbi níwájú. Ẹni tí pẹnisílíìnì bá ń yọ lára kò gbọ́dọ̀ lò ó. Amoxicillin lásán láìsí clavulanate kò tó E. coli jà mọ́, àfi tí láàbù bá sọ pé ó tó.

Cefalexin àti cefuroxime: a sábà máa ń lò wọ́n fún aboyún, tàbí nígbà tí èyí tó ṣíwájú kò bá ṣeé lò.

Ciprofloxacin ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Oògùn rere ni fún kíndìnrín àti próstéètì, mìlígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje fún ti kíndìnrín (ti próstéètì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ), bí láàbù bá gbà. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ lò ló wà. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fún ẹni tó ní àkóràn àpò ìtọ̀ lásán bí oògùn mìíràn bá wà, nítorí ó lè ba iṣan gìgísẹ̀ jẹ́, ó lè ba iṣan ara jẹ́, ó sì lè da orí èèyàn rú. Àwa wá ń jẹ ẹ́ bí gúgúrú. Ẹni tó ń lò ó kó má fi wàrà, oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin tàbí Mist Mag gbé e. Kó lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Gìgísẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà rí ìdí pàtàkì.

Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ gbàgbé nítorí ìtọ̀: Flagyl kì í pa E. coli, ẹ lè mu páálí mẹ́wàá. Ampiclox wà lára àwọn àdàlù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ̀wé pé àwọn kò fọwọ́ sí. Cloxacillin inú rẹ̀ kò tilẹ̀ kan E. coli. Tetracycline, kápúsù pupa-àti-yẹ́lò yẹn, erythromycin àti azithromycin, kì í ṣe iṣẹ́ wọn nìyí.

Abẹ́rẹ́. Gentamicin àti ceftriaxone, nílé ìwòsàn ni, fún ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú tàbí tó ń bì. Gentamicin lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè di etí pa títí láé bí a kò bá wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ń gbé báàgì abẹ́rẹ́ kiri ilé-dé-ilé tó ní òun á "fún yín ní gentá ọjọ́ mẹ́ta", ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: rírà àti lílò

Kẹ́mísìtì àdúgbò tí kò ní apòògùn kò láṣẹ láti ta oògùn apakòkòrò. Mo mọ̀ pé ní ìlú kéékèèké òun nìkan ló súnmọ́ yín, mi ò sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìwé àyẹ̀wò yín tọ́ sí ẹni tó lè kà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí oògùn máa kú. Tí ibi tí a ń fi èékánná ha bá wà lẹ́yìn páálí, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má ra oògùn tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ lórí àtẹ ọjà.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ra ti ọjọ́ méjì tó ní òun á padà wá, ìtọ̀ kì í ta á mọ́ lọ́jọ́ kẹta, kì í padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kún un náà: ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún tí dókítà kọ, ó tó. Pípẹ́ kò sọ oògùn di alágbára, àwọn kòkòrò rere inú ìfun ló ń pa. Agbo tí ẹ bá ń mu, ẹ fi í sílẹ̀ títí oògùn á fi tán, pàápàá agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Parasítámọ́ọ̀lù ló dára fún ìrora.

Láàárín ọjọ́ méjì, ó yẹ kí ara ti máa tù yín. Tí ìtọ̀ bá ṣì ń ta bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48, tàbí ibà yọjú, ẹ padà lọ bá dókítà pẹ̀lú èsì láàbù. Ẹ má pààrọ̀ oògùn fúnra yín. Bí ara bá ti yá, kò sí ìdí láti tún ìtọ̀ yẹ̀ wò, àyàfi aboyún.

Bó bá ń padà wá

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ káńtà. Dókítà gbọ́dọ̀ wò bóyá òkúta wà, bóyá ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀, bóyá àpò ìtọ̀ kì í gbẹ tán. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ìpara ojú ara kan wà tí dókítà lè kọ fún un tó máa ń dín in kù dáadáa. Ojú máa ń ti àwọn ìyá láti béèrè rẹ̀. Ẹ tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ fi ọṣẹ olóòórùn àti dettol sílẹ̀ lójú ara. Àwọn olùkọ́ tó ń di ìtọ̀ mú láti agogo mẹ́jọ títí di agogo méjì nítorí pé ṣáláńgá iléèwé kò ṣeé wọ̀, àti àwọn ìyá tó ń lọ oko usu (àwa kì í pè é ní iṣu níbí) tí wọn kì í mu omi kí wọ́n má baà wá ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí, ẹ̀yin ni mo ń rí jù. Lítà omi kan àbọ̀ lé sí ohun tí ẹ ń mu tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin tí kì í mumi tó, àyàfi ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Kí ẹ sì wá nylon kan tó ní ìdérí. Gbogbo èsì M/C/S tí ẹ ti ṣe rí, ẹ kó o sínú rẹ̀, pẹ̀lú páálí òfìfo gbogbo oògùn tí ẹ lò, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ara wọn. Lọ́jọ́ tí ìtọ̀ bá tún ta, nylon yẹn ni kí ẹ gbé lé káńtà kí ẹ tó dárúkọ oògùn kankan.